Akọ̀wé Sọ Kọ̀ǹpútà Di Tuntun

Iṣẹ́ ìwé títẹ̀ ni obìnrin yìí ń ṣe, iṣẹ́ náà sì ti gba orúkọ mọ́ ọn lọ́wọ́. Bí èèyàn bá wọ àdúgbò náà tó béèrè ìyàwó ilé tó kọjú sí ibùdókọ̀, wọ́n á máa wò ó bí ẹni tó ṣìnà. Ṣùgbọ́n bó bá ní Ìyá Onítẹ̀wé lòun ń wá, ọmọ tí kò tíì lè wẹ̀ fún ara rẹ̀ á nawọ́ sí ibẹ̀.

Yàrá kan ṣoṣo ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, iwájú ilé bàbá ọkọ rẹ̀ ló sì wà. Orí táípùráítà ló ti bẹ̀rẹ̀, nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ilé ọkọ. Nígbà tó yá, ó ra kọ̀ǹpútà àlòkù, ó sì ra ẹ̀rọ ìtẹ̀wé dúdú kan tó máa ń wúkọ́ kó tó gbé ìwé jáde. Ó mọ ìwà ẹ̀rọ náà bí ìyá ṣe ń mọ ìwà ọmọ. Bó bá wúkọ́ léraléra, bébà ti lẹ̀ mọ́ ara wọn nínú rẹ̀. Bó bá dákẹ́ lójijì, kí èèyàn rọra gbá a lẹ́yìn pẹ́pẹ́, á tún bẹ̀rẹ̀.

Nǹkan mìíràn táwọn èèyàn mọ̀ ọ́n mọ́ ni àmì. Ìyá Onítẹ̀wé kì í jẹ́ kí ọ̀rọ̀ Yorùbá kan jáde lọ́dọ̀ rẹ̀ láìní àmì orí àti àmì ìdí. Àwọn onítẹ̀wé yòókù ní àṣejù ni. Òun náà á ní ẹni tó ń bọ́ aṣọ lára ọ̀rọ̀ kó tó rán an jáde, ẹni yẹn gan-an ló ń ṣe àṣejù. Kò sí ìwé tí kì í fi ìka tọ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀, á máa kà á sókè ketekete, kó tó fi lé oníbàárà lọ́wọ́. Nítorí èyí ni obìnrin kan tó jẹ́ ọ̀gá ilé-ìwé nítòsí ṣe ń gbé ìdánwò gbogbo kíláàsì wá fún un ní sáà kọ̀ọ̀kan. Iṣẹ́ ilé-ìwé yìí ló gbé ṣọ́ọ̀bù náà ró. Lẹ́tà ìwáṣẹ́ níhìn-ín, fótókọ́pì lọ́hùn-ún, ìyẹn ò lè ra bébà tí wọ́n fi ń ṣe é. Bí iṣẹ́ ilé-ìwé bá bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó ti parí nìyẹn, òun fúnra rẹ̀ sì mọ̀.

Ọkọ rẹ̀ ń wa ọkọ̀ ẹrù lọ sí ọ̀nà jíjìn, kì í pẹ́ nílé. Ẹni tó ń pẹ́ nílé ni àbúrò ọkọ rẹ̀. Nígbà tí wọ́n gbé obìnrin yìí wọlé, ọmọ kékeré ni, tí báàgì ilé-ìwé rẹ̀ ń wọ́ nílẹ̀. Ìyàwó ò gbọdọ̀ pè é lórúkọ, ló bá sọ ọ́ ní Akọ̀wé, ó sì ń fi "ẹ" bá a sọ̀rọ̀. Ọmọ tó ń bá nu imú! Ọmọ náà ń pè é ní "ìyàwó wa," ó ń fi "o" dá a lóhùn. Ẹni tí ìyàwó bá bá nílé ti di ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nìyẹn, gbogbo ẹni tí wọ́n bá sì bí sínú ilé náà, ọkọ ni wọ́n. Wọ́n ní ilé ọkọ ni ilé ẹ̀kọ́. Wọn ò sọ ọjọ́ tí èèyàn máa ń gboyè jáde níbẹ̀.

Akọ̀wé kàwé, ó kà á yanjú, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ò tíì yọjú. Bí ilẹ̀ bá ti mọ́, ṣọ́ọ̀bù ni yóò wá jókòó sí, tí yóò máa sọ bí kọ̀ǹpútà ayé ìsinsìnyí ṣe rí. Ẹnu rẹ̀ dùn, kò sígbà tí kò ní nǹkan tuntun láti sọ.

Ó di ọjọ́ Ẹtì kan. Ìdánwò ilé-ìwé yóò bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ Ajé. Ìyá Onítẹ̀wé ti táìpù gbogbo ìbéèrè, ó ti kà wọ́n lójú kọ̀ǹpútà, ó ku kó tẹ̀ wọ́n jáde. Ó lọ ra bébà. Nígbà tó dé, Akọ̀wé ló bá lórí àga rẹ̀, tó ń rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Ìyàwó wa, káàbọ̀. Mo ti bá ọ sọ kọ̀ǹpútà yìí di tuntun. Èyí tó ò ń lò tẹ́lẹ̀, ayé ti kúrò níbẹ̀."

"Ẹ ṣé, Akọ̀wé mi. Kí lẹ ṣe sí i?"

"Ètò tó ń darí ẹ̀ ni mo pààrọ̀. O ò rí i bó ṣe ń dán?"

Lóòótọ́, ó ń dán. Gbogbo nǹkan ló ti ṣí kúrò ní àyè tó mọ̀ ọ́n sí. Ó wá iṣẹ́ rẹ̀ títí, ó rí i, ó sì dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Ó ní kó tẹ̀ ẹ́ jáde. Kọ̀ǹpútà ní òun ò rí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kankan. Iná ẹ̀rọ ń tàn, wáyà wà láàrin àwọn méjèèjì, orí tábìlì kan náà ni wọ́n jókòó sí, síbẹ̀ kọ̀ǹpútà lóun ò mọ̀ ọ́n rí.

"Pírińtà yìí ló ti gbó," ni Akọ̀wé wí. "Kọ̀ǹpútà ò ní wàhálà kankan."

"Àná ló ṣì tẹ̀wé fún mi."

"Ìyàwó wa, ṣé ìwọ lo fẹ́ kọ́ mi ní kọ̀ǹpútà ni?"

Àwọn àgbà ní ẹni tí a ní kó kín ni lẹ́yìn ló fi ẹ̀gún sọ́wọ́. Èyí tún burú ju ti àwọn àgbà lọ, torí kò sẹ́ni tó ní kí Akọ̀wé wá kín òun lẹ́yìn.

Ọkùnrin kan wà ní òpópónà kejì tí wọ́n ń pè ní Ẹnjiníà, kọ̀ǹpútà ló ń tún ṣe. Kò ní ju iṣẹ́ àárọ̀ kan lọ fún un láti dá ohun gbogbo padà sí bó ṣe wà. Ìyá Onítẹ̀wé mú gèlè, ó fẹ́ lọ pè é. Àárín ọ̀dẹ̀dẹ̀ ló ti pàdé ìyá ọkọ rẹ̀.

"Ìyàwó, níbo?"

"Mo fẹ́ lọ pe Ẹnjiníà ni, Màmá. Kọ̀ǹpútà ò gbọ́ ti pírińtà mọ́."

"Ẹnjiníà? Ọmọ mi tó kàwé jókòó sílé, o fẹ́ lọ pe ará ìta wá tún ohun tó ṣe ṣe? Kí wọ́n lè máa sọ káàkiri pé ìwé tó kà, lásán ni?"

"Kì í ṣe bẹ́ẹ̀, Màmá."

"Báwo ló wá ṣe jẹ́?"

Ó padà sínú ṣọ́ọ̀bù, ó pe ọkọ rẹ̀ lórí fóònù. Ariwo ẹ́ńjìnnì ò jẹ́ kí wọ́n gbọ́ra wọn dáadáa.

"Má dójú ti ọmọ yẹn," ni ọkọ rẹ̀ wí. "Ṣe sùúrù, á ṣe é."

"Ọjọ́ Ajé ni ìdánwò o."

"Mo gbọ́. Ṣe sùúrù."

Sùúrù! Ẹlòmíràn á ba nǹkan obìnrin yìí jẹ́ tán, òun ni wọ́n á ní kó ṣe sùúrù. Bó bá jẹ́ èmi ni, mo ti dé ọ̀dọ̀ Ẹnjiníà kí ìyá ọkọ tó sọ̀rọ̀ tán. Ṣùgbọ́n kì í ṣe èmi ni mo máa jẹun alẹ́ nínú ilé yẹn. Ó tú gèlè, ó jókòó.

Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, Akọ̀wé jí sí ìdí kọ̀ǹpútà. Kọ̀ǹpútà to orúkọ oríṣiríṣi ẹ̀rọ ìtẹ̀wé síwájú rẹ̀, ti èyí tó wà lórí tábìlì ò sí níbẹ̀. Ó bá mú orúkọ ẹ̀rọ mìíràn tó jọ ọ́, ó fi pè é. Ẹ̀rọ dúdú náà wúkọ́, ó sì gbé ìwé jáde. Ìyá Onítẹ̀wé pariwo, ó kúnlẹ̀.

"Akọ̀wé mi, ẹ kú iṣẹ́! Ọlọ́run á bùn yín níṣẹ́ gidi."

"Àmín. Ṣé o ti wá rí i báyìí?"

Ìdánwò ìṣirò ló kọ́kọ́ jáde. Ó fi ìka tọ̀ ọ́ láti òkè dé ìsàlẹ̀, nọ́ńbà ni gbogbo rẹ̀, kò sí ohun tó ṣe é. Gẹ̀ẹ́sì tẹ̀ lé e, ìyẹn náà pé. Nígbà tó kan ti Yorùbá, ó fa abala àkọ́kọ́ yọ, ó fi ìka lé e, ó fẹ́ bẹ̀rẹ̀.

"Kí lò ń wò?" ni Akọ̀wé wí. Ẹ̀rín ti kúrò lójú rẹ̀.

"Mo kàn fẹ́ kà á ni, Akọ̀wé mi."

"Ṣebí o ti kà á lójú kọ̀ǹpútà? Láti àárọ̀ lo ti ń fi ìka tọ iṣẹ́ ọwọ́ mi bí ẹni ń wá olè. Ṣé o ò fọkàn tán mi ni?"

Ìyá ọkọ wà lẹ́nu ọ̀nà. Ó wú ikọ́ ìkìlọ̀ kan. Ìyá Onítẹ̀wé gbé ìka kúrò lórí ìwé. Ìka tí kò gbójú fo ìwé ẹnikẹ́ni láti ọjọ́ tó ti ń ṣiṣẹ́, ó gbé e kúrò kí ọkọ rẹ̀ kékeré má baà bínú. Ó to ìwé náà jọ, ó fi ọ̀rá wé e, ó gbé e lọ fún ọ̀gá ilé-ìwé. Ọ̀gá náà ò tú u wò, ó tì í mọ́ inú kọ́bọ́ọ̀dù. Kí ló fẹ́ yẹ̀ wò nínú ìwé tó ti ọwọ́ Ìyá Onítẹ̀wé jáde?

Ìbéèrè àkọ́kọ́ nínú ìdánwò Yorùbá ní kí ọmọ sọ ìyàtọ̀ tó wà láàrin ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀ àti oko. Ohun tí àwọn ọmọ bá nínú ìwé lọ́jọ́ Ajé nìyí: "So iyato to wa laarin oko, oko, oko ati oko." Lójú kọ̀ǹpútà, àmì gbogbo pé. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ tí wọ́n fi orúkọ olórúkọ pè ò mọ àmì, ó gbá gbogbo rẹ̀ dànù, ti ìdí lẹ́tà àti ti orí rẹ̀. Yàrá ìdánwò dà rú. Ọmọ kan kọ ọ́ pé oko kìíní jẹ́ ti bàbá òun, ìkejì ti ìyá òun, ìkẹta ti bàbá àgbà, ṣùgbọ́n òun ò tíì mọ ẹni tó ni ìkẹrin. Àwọn olùkọ́ rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Ọ̀gá ilé-ìwé ò rí ẹ̀rín rín, nítorí ọjọ́ yẹn gan-an ni alábẹ̀wò ìjọba wá, ìwé náà ló sì kọ́kọ́ mú.

Ọ̀sán ò tíì pọ́n tí ọ̀gá fi dé ṣọ́ọ̀bù. Kò kí ẹnikẹ́ni.

"Ìyá Onítẹ̀wé, kí lèyí?"

Ó gbà á, ó kà á. Ó fi ìka wá àmì títí, kò rí ẹyọ kan.

"Ẹ̀yin?" ni ọ̀gá wí. "Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń bá mi jà tórí àmì kan ṣoṣo? Ojú ti ilé-ìwé mi lónìí. Ṣé ẹ ò kà á ni?"

Kò kà á. Ohun tí kò jẹ́ kó kà á jókòó sí ìdí kọ̀ǹpútà, ìyá ọkọ sì ti yọrí lójú fèrèsé. Ìyá Onítẹ̀wé wo Akọ̀wé. Kò fẹ́ tú u fó, ó fẹ́ kó sọ ọ́ fúnra rẹ̀. Ọmọ tí òun fọwọ́ ara òun bá nu imú, kò ní jẹ́ kóun ru ẹrù yìí. Akọ̀wé dìde, ó tẹríba fún ọ̀gá.

"Ẹ má bínú, Mà. Ìyàwó wa ni. Kò tíì mọ kọ̀ǹpútà tuntun yìí lò dáadáa. Èmi ni mo ń kọ́ ọ."

Ó dun Ìyá Onítẹ̀wé débi pé omi ò tilẹ̀ wá sójú rẹ̀. Irọ́ ni, ó sì lè sọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ìyàwó tó bá pe ọkọ ní onírọ́ níwájú àlejò, ojú wo ló máa fi wo ilé náà? Ó gbọ́ tí ẹnu òun fúnra rẹ̀ ń wí pé, "Ẹ dárí jì mí, Mà."

"Mo ti dárí jì yín," ni ọ̀gá wí. "Ṣùgbọ́n láti òní lọ, ẹni tó mọ̀ ọ́n lò ni màá máa gbé iṣẹ́ mi fún."

Nígbà tó di ọjọ́ kejì, Akọ̀wé fúnra rẹ̀ lọ pe Ẹnjiníà wá. Bẹ́ẹ̀ ni, Ẹnjiníà ará ìta. Ìyá ọkọ fún un lómi tútù mu. Kí ó tó di ọ̀sán, ẹ̀rọ dúdú ti gba orúkọ rẹ̀ padà, àmì sì ti padà sórí lẹ́tà. Akọ̀wé wá fi páásíwọ́ọ̀dù tí òun nìkan mọ̀ ti kọ̀ǹpútà náà. Ó ní kí ìyàwó má baà tún bà á jẹ́ ni.

Ọkọ rẹ̀ dé lópin ọ̀sẹ̀. Ó gbọ́ gbogbo rẹ̀, ó bọ́ bàtà, ó na ẹsẹ̀.

"Ṣebí inú ilé náà ni iṣẹ́ ṣì wà," ló wí. "Kí ló wá bà jẹ́?"

"Èmi ni mo bà jẹ́."

Ọkọ rẹ̀ rò pé àpárá ni, ó rẹ́rìn-ín.

Wọ́n sún tábìlì kékeré kan sí ẹ̀gbẹ́ ògiri fún un. Ibẹ̀ ló ti ń gé bébà, tó ń to abala ìwé, tó ń dì wọ́n pọ̀. Ìwé ń kọjá lábẹ́ ọwọ́ rẹ̀ láti àárọ̀ dalẹ́, kò ka ọ̀kan nínú wọn mọ́. Bí sáà ṣe tún ń parí lọ, ọ̀gá ilé-ìwé gbé ìbéèrè ìdánwò wá, ó kí i tẹ̀ríntẹ̀rín, ó sì kọjá lọ gbé e fún Akọ̀wé.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, obìnrin aránṣọ kan sáré wọlé. Láti ayé táípùráítà ló ti jẹ́ oníbàárà ibẹ̀. Ó mú bébà kan lọ́wọ́, kò sì fẹ́ jókòó.

"Ìyá Onítẹ̀wé, ẹ bá mi tẹ èyí kíá, ọkọ̀ ń dúró dè mí. Kò ju ìlà díẹ̀ lọ."

Kọ̀ǹpútà ń tàn yòò lórí tábìlì, ó ń béèrè páásíwọ́ọ̀dù. Akọ̀wé ti jáde, kò sọ ibi tó ń lọ.

"Ẹ jókòó, ẹ jọ̀ọ́," ni Ìyá Onítẹ̀wé wí. "Ọ̀gá ò sí nílé. Wọ́n ń bọ̀."

Aránṣọ náà wo ẹ̀yìn, ó wo gbogbo ṣọ́ọ̀bù yíká.

"Ọ̀gá wo?" ló béèrè.

Ìyá Onítẹ̀wé fa bébà tó fẹ́ gé mọ́ra, ó bẹ̀rẹ̀ sí gé e.