Hóró Igba

Ìyá Hóró ni wọ́n ń pè é níbi iṣẹ́, kì í sì í bínú sí i. Yàrá rẹ̀ kún fún eruku sìmẹ́ńtì: ẹ̀rọ tó ń fọ́ kọnkéré wà lápá kan, kọ̀ǹpútà tó fi ọ̀rá bò wà lápá kejì. Ọdún mọ́kànlá ló fi kọ ètò kọ̀ǹpútà kan tó ń sọ ibi tí kọnkéré yóò ti sán kó tó sán. Ètò náà á gé afárá tàbí dẹ́kì sí wẹ́wẹ́, á wọ inú wẹ́wẹ́ kọ̀ọ̀kan lọ bá àwọn hóró òkúta ibẹ̀, á bi wọ́n bí ara ṣe gbà á sí, á wá gbé èsì wọn fún odindi. Ọ̀fẹ́ ló fi sílẹ̀ fún gbogbo ayé. Ẹni tó bá fẹ́, kó mú. Ẹni tó bá rí àléébù, kó tún un ṣe, kó sì fi orúkọ rẹ̀ síbẹ̀. Ọkọ rẹ̀, tó jẹ́ wẹ́dà, ní òun ò rí irú rẹ̀ rí, ẹni tó ń se ọbẹ̀ fún àdúgbò tí kì í gba owó ata.

Abẹ́rẹ́ ni Ìyá Hóró ń pe ọmọbìnrin rẹ̀ kan ṣoṣo, torí pé ó kéré lóòótọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe mímì fún adìẹ. Abẹ́rẹ́ ti parí ẹ̀kọ́ rẹ̀, ó sì ti kọ apá kan mọ́ ètò náà lọ́dún tó kọjá. Apá yẹn yára débi pé ilé iṣẹ́ ńlá kan gbọ́, wọ́n ní kó wá rí àwọn nípa iṣẹ́ lọ́jọ́ Jímọ̀. Ayọ̀ ò jẹ́ kí ìyá rẹ̀ rí oúnjẹ jẹ.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun ọ̀sẹ̀ yẹn, Ìyá Hóró fi búlọ́ọ̀kù olókùúta gbàǹgbà sínú ẹ̀rọ. Ètò rẹ̀ ní yóò gba ogójì tọ́ọ̀nù. Ó sán ní mẹ́tàlélọ́gbọ̀n. Ó fi òmíràn sí i, bákan náà ni. Ló bá jókòó ti ètò náà, ó kà á láti òkè délẹ̀, títí ó fi kan ibi tí òun fúnra rẹ̀ kọ “horo igba” sí láìfi àmì ohùn lé e. Hóró ìgbà ló ní lọ́kàn: iye hóró tó wà nínú wẹ́wẹ́ tí à ń wò nígbà náà. Nígbà tí Abẹ́rẹ́ ń kọ apá tirẹ̀, ó kà á sí hóró igba, ó sì fi igba géérégé síbẹ̀ fún gbogbo kọnkéré láyé. Olókùúta wínníwínní ni wọ́n ti fi ń dán an wò, iye hóró rẹ̀ kì í sì í jìnnà sí igba, ìyẹn ni ò jẹ́ kí àṣírí tú. Àmì bíńtín lásán, ẹ wo iṣẹ́ tó ṣe!

Ohun tó já a láyà ni ẹnjiníà kan tó kọ̀wé dúpẹ́ lọ́sẹ̀ tó ṣáájú. Ó ti fi ètò náà ṣírò afárá ẹlẹ́sẹ̀ tí àwọn ọmọléèwé yóò máa gbà, ó ti dín nínípọn rẹ̀ kù ní ìka méjì, Ọjọ́bọ̀ ni wọn yóò sì da kọnkéré. Kíá ni Ìyá Hóró kọ̀wé pé kó dá iṣẹ́ dúró. Ó kù kí gbogbo ayé gbọ́. Bí ilé iṣẹ́ yẹn bá wá rí orúkọ ọmọ ńkọ́? Ó lẹ ìkéde mọ́ ojú ewé ètò náà: “Àṣìṣe wà nínú iye hóró. Èmi ni mo ṣe é. Ẹ má bínú.”

Irọ́ tó jìnnà sóòótọ́ ni. Nígbà tó fi máa di ọ̀sán ọjọ́ kejì, ọ̀rọ̀ kan ti wà lábẹ́ rẹ̀: “Ìyá mi ń parọ́. Ìgbà ni wọ́n ní lọ́kàn, èmi ni mo kà á sí igba, mi ò sì bi wọ́n. Mo ti tún un ṣe.” Orúkọ Abẹ́rẹ́ wà nísàlẹ̀, ti bàbá ti tọmọ.

Ojú ti Ìyá Hóró, inú sì bí i. Ó pè é lórí fóònù.

“Ṣé o gbàgbé pé Jímọ̀ ni wọ́n fẹ́ rí ẹ ni?”

“Mi ò gbàgbé, Màámi. Ẹ̀yin náà lẹ ní ẹni tó bá kọ ọ́ ni kó fọwọ́ sí i.”

Ìyá bi í bóyá ó ti jẹun.

Ẹnjiníà náà ti dá ìka méjì tó dín kù lára afárá padà. Abẹ́rẹ́ lọ lọ́jọ́ Jímọ̀. Ìwé ìgbanisíṣẹ́ ò tíì dé títí di òní. Ìyá Hóró ní bó bá dé, kó dé. Bí kò bá dé, òun mọ ẹni tí òun bí.