Ṣọ́ọ̀bù Tí Wọ́n Ń Gbà Kọjá Lọ Mutí

Àwọn ẹgbẹ́ mi tí a jọ gbé Ọ̀tà láyé ìjọ́sí fẹ́ràn láti máa ṣàárò títì àtijọ́ yẹn. Wọn á ní, "Ṣé ẹ rántí ọkùnrin tó ń ta kásẹ́ẹ̀tì, tí a ti ń gbọ́ orin rẹ̀ láti ibùdókọ̀ Joju? Ṣé ẹ rántí búrẹ́dì gbígbóná tí wọ́n ń tà ní òdìkejì?" Mo rántí. Mo rántí ọkùnrin tó ń ṣáájì bátìrì ọkọ̀ pẹ̀lú, tí ásíìdì rẹ̀ jó aṣọ oníbàárà mi, tó sì ní kí n máa dúpẹ́ pé kì í ṣe awọ ara mi. Èmi kì í ṣàárò títì yẹn ní tèmi. Bí wọ́n bá ti dárúkọ rẹ̀ báyìí, inú ló ń bí mi, nítorí ibẹ̀ ni wọ́n ti sọ ṣọ́ọ̀bù tí mo fi òógùn ojú mi gbà di ọ̀nà, tí wọ́n sì tún tìtorí ọ̀nà náà lé mi jáde.

Télọ̀ ni mí. Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ni èmi àti ọkọ mi ti wá. Òun rí iṣẹ́ sí ilé iṣẹ́ kan tí wọ́n ti ń ṣe ike ní Ṣàngó, èmi sì gba ṣọ́ọ̀bù lójú títì, ní ilé bàbá kan tó jẹ́ ọmọ Ọ̀tà gidi. Bàbá Onílé ni gbogbo wa ń pè é. Ṣọ́ọ̀bù mélòó kan ló kọjú sí títì nínú ilé náà, tèmi ló wà ní ìpẹ̀kun. Ẹ̀yìn wọn ni àgbàlá ńlá kan wà lábẹ́ igi fúrúùtù, ibẹ̀ sì ni Ìyá Ọlọ́tí to tábìlì àti àga rẹ̀ sí. Géètì àgbàlá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé, ó ṣí sí títì gbayawu, ibẹ̀ ni ẹni tó bá fẹ́ mutí ń gbà wọlé. Ṣọ́ọ̀bù tèmi náà ní ilẹ̀kùn ẹ̀yìn kékeré kan tó já sí àgbàlá, kí n lè rí ibi gbà lọ pọnmi. Ilẹ̀kùn yẹn ló kó bá mi.

Nígbà tí mo kọ́kọ́ débẹ̀, kò sẹ́ni tó ń mutí ní ìkọ̀kọ̀. Bí àwọn òṣìṣẹ́ bá ti ṣíwọ́ ní Ṣàngó, wọn á dé pẹ̀lú yúnífọ́ọ̀mù wọn lọ́rùn, ariwo wọn á gbalé gboko. Àwọn mìíràn tilẹ̀ máa ń gbé àga síwájú géètì kí àwọn tó ń kọjá lè rí wọn kí. Mò ń gbọ́ ẹ̀rín wọn nídìí maṣíìnì mi, kò sì dí mi lọ́wọ́. Bí ẹnì kan bá yó tó ń kọrin, ìdí maṣíìnì náà ni mo ti máa gbè é.

Ìgbà tó yá ni ṣọ́ọ̀ṣì bẹ̀rẹ̀ sí í dé, ńlá àti kékeré, yunifásítì sì tẹ̀ lé e. Ilẹ̀ tí wọ́n ti ń wa ẹ̀gẹ́ di ọgbà tí wọ́n mọ odi yí ká. Iṣẹ́ dé lóòótọ́. Wọ́n ń wá dẹ́rẹ́bà, wọ́n ń wá kúùkù, ẹ̀ṣọ́, bíríkìlà, ẹni tó máa gé koríko. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ wọlé, pásítọ̀ rẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́rìí ìwà rẹ̀. Ni àwọn tó ń gbé àga síwájú géètì bá di ẹni mímọ́ lójijì. Kò sẹ́ni tó fẹ́ kí wọ́n rí òun ní géètì Ìyá Ọlọ́tí mọ́. Òùngbẹ wọn nìkan ni kò yí padà.

Ìrọ̀lẹ́ Fráìdé kan ni ọkùnrin kan wọlé tọ̀ mí wá. Díákónì ni ní ìjọ tuntun kan tí kò jìnnà sí wa, ọkùnrin gíga, tó mọ aṣọ wọ̀. Ó ká ṣòkòtò búráùn kan sábẹ́ abíyá.

"Ẹ kú iṣẹ́, mà. Ẹ bá mi gé ṣòkòtò yìí kúrú díẹ̀."

"Ẹ wọ̀ ọ́ kí n wò ó, sà."

"Rárá, ẹ má ṣèyọnu. Ẹ ṣáà fi kọ́ síbẹ̀ ná." Ó wo iwájú, ó wo ẹ̀yìn. "Ṣé ilẹ̀kùn yẹn já sí àgbàlá? Ẹ jẹ́ n gbabẹ̀ yọ, ẹ jọ̀ọ́. Mo fẹ́ tètè rí ẹnì kan."

Ó pẹ́ kó tó padà. Nígbà tó dé, ojú rẹ̀ ti pọ́n, ó gbàdúrà fún mi pé kí Ọlọ́run bù kún iṣẹ́ ọwọ́ mi, ó sì bá tiẹ̀ lọ. Kò bèèrè ṣòkòtò. Ní Fráìdé tó tẹ̀ lé e, ó mú ẹnì kan dání, ẹni náà sì mú ṣòkòtò tirẹ̀ dání.

Kò pẹ́ tó fi di àṣà. Ọkùnrin tó bá fẹ́ mutí ní títì wa á mú ṣòkòtò kan láti ilé, á gbé e lọ́wọ́ kí gbogbo ayé lè rí i pé ọ̀dọ̀ télọ̀ lòun ń lọ. Á jù ú sórí tábìlì mi, á gba ẹ̀yìn yọ. Àwọn tó ti fi tiwọn sílẹ̀ tẹ́lẹ̀ kì í mú nǹkan kan wá mọ́. Wọn á ní, "Mà, ẹ ò tíì bá mi ṣe ṣòkòtò yẹn tán?" Kí n tó lanu, wọ́n ti kọjá. Àwọn òṣìṣẹ́ tí kì í ṣe Yorùbá ò tilẹ̀ ní sùúrù irọ́ yẹn. "Madam, abeg, make I pass," ó parí. Ìyá oníbúrẹ́dì tó wà ní òdìkejì títì á kàn máa rẹ́rìn-ín ni. Bó bá ti rí ẹni tó gbé ṣòkòtò bọ̀, á pariwo pé, "Ẹ tètè, ìsìn ti bẹ̀rẹ̀!"

Ẹ̀rín ni lójú tiẹ̀. Lójú tèmi, ìyà ni. Aṣọ obìnrin ni mò ń rán, ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn ẹ̀yìn yẹn sì ni mo ta kọ́tìnì sí kí àwọn oníbàárà lè máa wọ aṣọ wò. Ọmọbìnrin kan tó fẹ́ ṣègbéyàwó ń wọ búláòsì rẹ̀ wò níbẹ̀ lọ́jọ́ kan, ni ọkùnrin kan tó ti yó bá fa kọ́tìnì sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó ní òun ń wá ọ̀nà àbájáde. Ọmọ yẹn sunkún. Ìyá rẹ̀ ká aṣọ náà pẹ̀lú abẹ́rẹ́ tí mo fi mú un, wọn ò sì padà wá mọ́, àwọn náà ló sì lọ sọ fún àwọn oníbàárà mi ìyókù. Mo jókòó sídìí maṣíìnì, orí mi gbóná débi pé mi ò rí ojú abẹ́rẹ́ ki òwú bọ̀.

Mo lọ bá Ìyá Ọlọ́tí. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. "Àǹtí Télọ̀, ṣé èmi ni mo ní kí wọ́n máa gba ọ̀dọ̀ yín ni? Ẹ jókòó, ẹ mu ìgò mọ́ọ̀tì kan." Mo mu mọ́ọ̀tì náà, inú sì tún wá bí mi sí i pé mo mu ún. Ọjọ́ kejì, mo ti ilẹ̀kùn pa. Àwọn tó wà nínú àgbàlá ń gbá a kí n jẹ́ káwọn jáde, àwọn tó wà nínú ṣọ́ọ̀bù ń gbá a kí n jẹ́ káwọn wọlé, èmi wà láàárín bí ẹni tí ariwo ọjà bò mọ́lẹ̀. Bàbá Onílé rán ẹnì kan sí mi pé bí wọ́n bá ba ilẹ̀kùn òun jẹ́, èmi ni màá tún un ṣe. Mo ṣí i.

Àárín ìyẹn ni ilé iṣẹ́ ike ní kí ọkọ mi àti ọ̀pọ̀ àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lọ sinmi nílé ná. Ìsinmi yẹn ò lópin. Ó ń jí lọ sí Toll Gate láràárọ̀ láti wáṣẹ́, ó sì ń padà wálé láìrí nǹkan kan. Maṣíìnì mi nìkan ló kù tó ń bọ́ wa.

Ìgbà náà ni Bàbá Onílé ta ilé fún ìjọ Díákónì. Wọ́n fẹ́ fi àgbàlá ṣe ibi tí ọmọ ìjọ á máa gbé mọ́tò sí, nítorí náà Ìyá Ọlọ́tí gbọ́dọ̀ kó kúrò. Ṣùgbọ́n wọ́n ní àwọn ṣọ́ọ̀bù iwájú lè dúró bí iṣẹ́ wọn bá bójú mu, pé ìgbìmọ̀ kan ń bọ̀ wá yẹ̀ wọ́n wò. Inú mi dùn dé góńgó. Ọlọ́tí á lọ, èmi á dúró, kọ́tìnì mi á di kọ́tìnì padà. Pásítọ̀ wọn, ẹni jẹ́jẹ́ kan, ti gbé aṣọ ẹgbẹ́ akọrin fún mi rán pàápàá, aṣọ funfun nini.

Mo tẹ́ aṣọ funfun yẹn sílẹ̀ ní Fráìdé kan, mò ń fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí i, nígbà tí Díákónì wọlé. Òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá ni. "Mà, ẹ ò tíì bá mi gé ṣòkòtò yẹn?" ó wí, ó sì gba orí aṣọ akọrin kọjá pẹ̀lú bàtà ẹlẹ́rẹ̀. Kò wo ilẹ̀. Kò wo ojú mi.

Mo dìde, mo já ṣòkòtò búráùn náà lórí ìṣó, mo sì gé e. Ó ti pẹ́ tó ti ń bẹ̀ mí pé kí n gé e, mo gé e fún un dáadáa. Ìdajì ojúgun ni mo gé e dé, mo ṣẹ́tí rẹ̀ tónítóní, mo lọ̀ ọ́, mo sì fi kọ́ padà. Lẹ́yìn náà ni mo jókòó fọ ẹrẹ̀ kúrò lára aṣọ funfun, mò ń rẹ́rìn-ín èmi nìkan.

Ìgbìmọ̀ dé. Díákónì ni alága wọn. Wọ́n jókòó sórí bẹ́ńṣì mi, lábẹ́ àwọn ṣòkòtò tí mo fi kọ́ sára ògiri, kò sì sí ojú tó ṣàjèjì sí mi nínú wọn.

"Màdáàmù," Díákónì wí, ó ń wò mí bí ẹni tí kò rí mi rí, "a gbọ́ pé ilẹ̀kùn kan wà níbí tí àwọn ènìyàn ń gbà lọ sílé ọtí."

"Òótọ́ ni, sà. Ṣé ẹ̀yin náà ò mọ̀ ọ́n ni?"

"Báwo ni mo ṣe fẹ́ mọ̀ ọ́n?"

Mo na ọwọ́ sókè orí rẹ̀, mo mú ṣòkòtò búráùn sọ̀kalẹ̀. "Ṣòkòtò yín rèé, sà. Ó ti yá."

Ó gbà á lọ́wọ́ mi, ó yẹ̀ ẹ́ wò, mo rí i tí ojú rẹ̀ yí padà. Ó dìde dúró, ó gbé e síwájú ara rẹ̀ lójú gbogbo wọn. Ìdajì ojúgun ló dé. "Ẹ̀yin ará," ó wí, "ṣé eléyìí lè jẹ́ tèmi?"

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín, ó sì jù ú sórí tábìlì mi. Ẹ̀rín ẹni tí ewu fò ni. Mo fa àwọn ìyókù yọ lọ́kọ̀ọ̀kan, "Tiyín kọ́ rèé, sà? Ẹ̀yin náà, tiyín dà?" Òkè àjà ni kálukú ń wò. Kò sẹ́ni tó ní ṣòkòtò kankan. Mo pariwo títí ohùn mi fi há. Wọ́n dìde, wọ́n ní àwọn á máa fi mí sínú àdúrà, wọ́n sì ní kí n kó kúrò, nítorí ṣọ́ọ̀bù mi gan-an ni ẹnu ọ̀nà ilé ọtí.

Ìyá Ọlọ́tí kó lọ sí Itele, ó ṣí èyí tó tóbi ju ti àkọ́kọ́ lọ, gbogbo wọn sì mọ ọ̀nà ibẹ̀ kí oṣù tó parí. Ọjọ́ tí èmi ń kẹ́rù ni Pásítọ̀ wá gba aṣọ akọrin, ó sì rí òkìtì ṣòkòtò nílẹ̀.

"Ta ló ni gbogbo eléyìí, ìyá?"

"Ẹ bi àwọn ọmọ ìjọ yín, sà. Wọ́n ní kò lólúwa."

Ó bi wọ́n lóòótọ́. Kálukú ní kì í ṣe tòun. Ló bá ní kí wọ́n kó wọn fún àwọn aláìní níbi ìkórè. Mo lọ síbi ìkórè yẹn ní Sátidé fún ìyẹn nìkan. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, mo wo Díákónì tó ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ pín ṣòkòtò àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀, táwọn ọ̀rẹ́ náà jókòó tí wọ́n ń pàtẹ́wọ́. Mo rẹ́rìn-ín títí ikùn fi dùn mí, mo sì bá ọ̀nà mi lọ.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ọkọ mi wọlé. Ó ti rìn kiri wáṣẹ́ láti òwúrọ̀. Ó fa nǹkan kan yọ nínú ọ̀rá, ó ní òun rí èrò níwájú ṣọ́ọ̀ṣì kan, òun sì tò pẹ̀lú wọn. Inú rẹ̀ dùn. Ó pẹ́ tí mo ti rí i kí inú rẹ̀ dùn.

"Wò ó, aṣọ olówó ńlá ni. Ó kàn kúrú ni. Bá mi tú etí rẹ̀ sílẹ̀, kí n lè rí nǹkan gidi wọ̀ lọ bá àwọn ilé iṣẹ́ kan ní Mọ́ńdè."

Mo gba ṣòkòtò búráùn náà. Mo yí etí rẹ̀ síta, mo fi ọwọ́ tọ́ ọ yí ká. Mo ti gé e débi tí kò sí ohun tí a lè tú. Mi ò lè sọ ìdí rẹ̀ fún un. Ní Mọ́ńdè, ó wọ̀ ọ́ bẹ́ẹ̀ lọ wáṣẹ́, ojúgun rẹ̀ ń hàn, mo sì dúró lẹ́nu ọ̀nà títí ó fi wọ mọ́tò.