Aṣọ Alápá Gígùn

Lọ́jọ́ tí a lọ sí kóòtù, ìyá mi wọ aṣọ alápá gígùn fún mi nínú ooru Abidjan. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni mí nígbà náà. Àpá wà lọ́wọ́ mi, níbi tí bàbá mi ti gbé áyọ́ọ̀nù gbígbóná lé mi, torí pé mo fi jó kọ́là ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Ìyá mi kó èmi àti àbúrò mi sá lọ sí àdúgbò Abobo. Bàbá wá pè é lẹ́jọ́, ó ní òun fẹ́ máa rí àwọn ọmọ òun ní gbogbo ọjọ́ ìsinmi.

Lọ́sẹ̀ tó ṣáájú, olórí ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wa ti wá bá ìyá mi nílé.

"Ìyàwó, a kì í ti kóòtù bọ̀ ṣọ̀rẹ́. Má tú àṣírí ọkọ rẹ lójú àjèjì o. Bó o bá tú u, ta ló máa fẹ́ ọmọ rẹ lọ́la?"

Bàbá àgbà yìí mọ̀ nípa àpá náà. Ìyàwó rẹ̀ ló bá mi fi oògùn sí i.

Adájọ́ ò gbọ́ Yorùbá, ìyá mi ò gbọ́ Faransé, kò sì sí ògbufọ̀. Akọ̀wé kóòtù nawọ́ sí mi, torí mo gbọ́ Faransé, ó ní kí ọmọbìnrin kékeré yìí máa bọ̀: "La petite, viens!" Bí mo ṣe di ògbufọ̀ nìyẹn. Adájọ́ ní kí n bi ìyá mi bóyá ọkùnrin yìí máa ń lu àwọn ọmọ. Ìyá mi bojú wẹ̀yìn, ó rí olórí ẹgbẹ́ níbi tó jókòó sí.

"Sọ fún un pé bàbá yín ni."

Mo sọ ọ́ bẹ́ẹ̀: "Elle dit que c'est notre papa."

Adájọ́ rẹ́rìn-ín, ó kọ ọ́ sílẹ̀, ó ní kí bàbá máa rí wa bó ṣe béèrè. Kò bi èmi fúnra mi ní nǹkan kan. Inú ṣì ń bí mi sí gbogbo wọn títí dòní, àti sí ìyá mi pẹ̀lú.

Lọ́jọ́ ìsinmi àkọ́kọ́, a wọ ọkọ̀ gbaka láti Abobo, ìyá mi sì mú wa dé ẹnu ọ̀nà bàbá mi ní Treichville. Mo kúnlẹ̀ kí i. Ó fà mí mọ́ra, ó ká apá aṣọ mi sókè, ó fọwọ́ pa ojú àpá náà.

"Wò ó, ó mà ti jinná."

Ìyá mi ń wò mí. Mo mọ ohun tó ń retí, torí ó ti kọ́ mi lẹ́kọ̀ọ́ dáadáa.

"Ẹ ṣé, sà," ni mo wí.