Bàbá Dàwódù àti Àgádágodo Ìlúpéjú

Ọjọ́ tí Bàbá Dàwódù lọ ya fídíò àgádágodo kan ní Ìlúpéjú, ẹni tó ń ṣọ́ ọ ni wọ́n kọ́kọ́ kí.

Bẹ́ẹ̀ sì rèé, àwọn fúnra wọn ló ń kọ́ àwọn ajàfẹ́tọ̀ọ́ ọmọnìyàn ní Dọ́pẹ̀mu pé bí kámẹ́rà bá ti ń ṣiṣẹ́, kí ẹnu dákẹ́. Tinúọlá, akẹ́kọ̀ọ́ wọn, ti pa òfin náà mọ́ ní tiẹ̀. Jọmílójú àbúrò rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ ọ̀rá kan ní Ìlúpéjú tí wọ́n ti máa ń ti ilẹ̀kùn ẹ̀yìn mọ́ àwọn òṣìṣẹ́. Bí iná bá ṣẹ́ yọ, kò sọ́nà àbájáde. Tinúọlá lọ, kò fọhùn, ó ya ilẹ̀kùn náà. Nígbà tí wọ́n wò ó ní kíláàsì, kò sẹ́ni tó mọ̀ bóyá ilé iṣẹ́ ni tàbí ilé ìgbọ̀nsẹ̀.

"Ó dákẹ́ dáadáa ṣá," ni Bàbá wí.

Ni àwọn méjèèjì bá jọ padà lọ. Bàbá ki fóònù bọ àpò àyà, ojú kámẹ́rà yọ síta. Máígádì yọ. Tinúọlá fi ojú bẹ Bàbá. Ojú kò tó.

"Ẹ kú iṣẹ́ o! Ẹ kú oòrùn. Ara ilé ńkọ́?"

"Wọ́n wà, Bàbá. Kí lẹ ń wò?"

"Àgádágodo yín yìí ni. Irú ẹ̀ ò sí lọ́jà mọ́. Ọwọ́ yín ni kọ́kọ́rọ́ ẹ̀ wà?"

"Èmi kẹ̀? Ọ̀gá ló máa ń mú un lọ sílé."

"Àwọn tó wà nínú ńkọ́?"

"Èmi ń ṣọ́ ilẹ̀kùn, Bàbá. Ọlọ́run ń ṣọ́ àwọn yẹn."

Lójú ọ̀nà, Tinúọlá ní, "Bàbá, òfin wa ńkọ́?"

"Mo ti rú u. Ìyá mi ti kọ́ mi ní ìkíni kí n tó mọ kámẹ́rà. Ìwọ ṣáà máa ṣe bí mo ṣe wí, má wo ìṣe mi."

Fídíò ìgbéyàwó ni Bàbá ń ṣe l'Ágége tẹ́lẹ̀, kò sì kúrò lára wọn. Wọ́n ti sọ fún màmá kan rí, tí àwọn kan wó ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, pé, "Ìyàwó, ẹ gbójú sókè, ẹ rẹ́rìn-ín díẹ̀." Màmá náà rẹ́rìn-ín. Wọ́n tún gbogbo rẹ̀ yà.

Nítorí náà, nígbà tí wọ́n fẹ́ bo ojú máígádì yìí nínú fídíò kí ọ̀gá rẹ̀ má baà lé e, òdòdó ìgbéyàwó pupa ni Bàbá fi bò ó. Wọ́n sọ ohùn rẹ̀ di tín-ín-rín bíi ti ẹyẹ. Òṣìṣẹ́ ìjọba tí wọ́n gbé fídíò náà lọ bá wò ó títí, ó ní, "Bàbá, ìyàwó dà?"

"Ìyàwó ń bẹ nínú, sà. Wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn."

Ìjọba ní kí wọ́n ṣí ilẹ̀kùn náà. Ó ṣì wà ní ṣíṣí.

Bàbá ti sun oorun àìjí báyìí. Tinúọlá ló ń kọ́ kíláàsì. Ó na ìka sókè bíi ti Bàbá: "Bí kámẹ́rà bá ti ń ṣiṣẹ́, kí ẹnu dákẹ́." Lẹ́yìn náà ló ṣí fídíò àgádágodo fún wọn wò.

"Ẹ kú iṣẹ́ o!" ni ohùn Bàbá wí.

"Òo, ẹ kú iṣẹ́, sà," ni gbogbo kíláàsì dáhùn, kí wọ́n tó ronú.

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí. Bàbá kò dúró dè wọ́n.

"Ara ilé ńkọ́?"

Tinúọlá rántí Jọmílójú.

"Wọ́n wà, Bàbá," ló wí jẹ́jẹ́. "Wọ́n wà dáadáa."