Ẹkún Ìyàwó Tí A Fi Gìtá Gbè

Òórùn epo ọkọ̀ òfurufú àti ti lẹ́búlẹ́bú pákó ló máa ń pàdé èèyàn lẹ́nu ọ̀nà yàrá tí a ti ń dánrawò ní Máfòlúkù nítòsí pápákọ̀ òfurufú, lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù káfíńtà kan. Owó epo rọ̀bì ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ìgboro nígbà náà, gbogbo ọ̀dọ́ ló sì fẹ́ ta gìtá. Àwa mẹ́rin onírun kíkún, orin rọ́ọ̀kì là ń kọ, ariwo wa kì í jẹ́ kí ọmọ ọwọ́ kankan sùn ládùúgbò. Àfi bí ilé iṣẹ́ rẹ́kọ́ọ̀dù kan ṣe ní bí a bá lè mú orin tútù kan tó jọ tilé wa wá, àwọn á gbé wa jáde. Ọjọ́ kan péré ni wọ́n fún wa ní sítúdíò, lọ́nà Ìsọlọ̀.

Ìyá kan, ará Ìsẹ́yìn, ló ń gbé yàrá tó kọjú sí tèmi. Ibi tó ti ń ṣa ẹ̀wà ló ti ka ẹkún ìyàwó tó sun lọ́jọ́ tó ń lọ sílé ọkọ fún mi. Ara mi bù máṣọ! Mo fi gìtá gbè é, orin dé. Ṣùgbọ́n ẹnu akọrin wa ò gbà á rárá, bí ẹni ń wàásù ló ń dún. La bá bẹ ìyá náà kó bá wa lọ. Ọkọ rẹ̀, tó ń gbẹ́rù ní pápákọ̀ òfurufú, ní òun ò ní í jẹ́ kí ìyàwó òun nìkan tẹ̀ lé irú àwa yìí. Òun náà bá wa lọ.

Ìyá dé iwájú máíkì, ó rí ọkọ rẹ̀ lẹ́yìn gíláàsì, ó ní òun ò sun ún mọ́.

“Ẹkún tí mo fi dágbére nílé bàbá mi, ṣé kí n wá máa sun ún lójú ọkọ, bí ẹni tó fẹ́ kó jáde?”

Iṣẹ́ wa ti bọ́ nìyẹn. Ni ọkọ bá ṣílẹ̀kùn wọlé, ó ṣí fìlà.

“Ìyá Síkírù, gbogbo ẹbí rẹ ló gbọ́ ọ lọ́jọ́ náà. Wọn kì í jẹ́ kí ọkọ wà níbẹ̀. Jọ̀ọ́, jẹ́ kí èmi náà gbọ́.”

Ìyá kẹ̀yìn sí i, ó bẹ̀rẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi, gbogbo irun ara mi ló dìde! Níbi tó ti ń bi ìyá rẹ̀ léèrè nínú ẹkún náà pé ta ni yóò máa bá a pọnmi, ó yẹ kí onílù wa bẹ̀rẹ̀ sí í lù, àmọ́ ó gbàgbé, ọ̀pá ìlù dúró lọ́wọ́ rẹ̀ títí orin fi parí. Onílù ní ká tún un ṣe. Ẹni tó ń gba ohùn sílẹ̀ pariwo mọ́ ọn pé, “Ẹ má fọwọ́ kàn án o!”

Inú mi dùn débi pé mo ń fò sókè. Rẹ́kọ́ọ̀dù náà tà, a sì gbayì díẹ̀. Ṣùgbọ́n òkìkí ọ̀hún ti ṣá, ojú ọkọ ìyá yẹn ni mi ò tíì gbàgbé, bó ṣe ń fi fìlà nu ún, nígbà tó gbọ́ gbogbo ohun tí obìnrin náà fi sílẹ̀ kó tó di tirẹ̀.