Ọ̀nà Òkè Tí Wọ́n Ní Kí A Má Gbà

Iṣẹ́ ọ̀nà-dídí ni mo fi ń jẹun. Tí wọ́n bá fẹ́ gbẹ́ títì ní Dagenham, nílùú òyìnbó níbí, èmi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ mi la máa ń kọ́kọ́ débẹ̀. Àwa la máa to kóònù, àwa la máa gbé pátákó pupa dúró pé ọ̀nà ti pa. Mo ti rí oríṣiríṣi aláìgbọràn. Ọkùnrin kan bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀ rẹ̀ ní Chadwell Heath, ó gbé kóònù mi sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó wakọ̀ wọlé, àfi gbì nínú kòtò tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ gbẹ́. Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Mo máa ń sọ fún ìyàwó mi pé ẹni tó bá fojú ara rẹ̀ rí ìdènà tó sì kọjá rẹ̀, orí rẹ̀ ò pé.

Bẹ́ẹ̀, èmi náà kọjá ìdènà. Mo tún ran àwọn ẹlòmíràn lọ́wọ́ láti kọjá.

Ìjọ aláṣọ funfun ni ìjọ wa. Gbọ̀ngàn kan tí a yá lẹ́yìn ilé ìtajà kápẹ́ẹ̀tì ní Barking la ti ń jọ́sìn. Wòlíì wa jẹ́ ọkùnrin kúkúrú tí ohùn rẹ̀ tóbi ju ara rẹ̀ lọ. Ní ọjọ́ Sunday kan, ó dìde, ó ní Ọlọ́run ti fi ìdí tí àdúrà wa fi ń pẹ́ hàn òun: ilẹ̀ Barking ló tẹ́ pẹrẹsẹ jù. “Ibi tí kò ní òkè, báwo ni àdúrà ibẹ̀ ṣe fẹ́ tètè dókè?” Àwọn ènìyàn ké halelúyà. Èmi náà ké e.

Ó ti rí òkè kan nínú fídíò lórí fóònù rẹ̀. Wales ni òkè ọ̀hún wà, nínú ilẹ̀ olókè gbọọrọ kan tí ìjọba yà sọ́tọ̀ kí ẹnikẹ́ni lè máa rìn níbẹ̀. Ọkùnrin yìí, tó jẹ́ pé àtẹ̀gùn ibùdókọ̀ ojú irin Barking nìkan tó láti mú un máa mí hẹlẹhẹlẹ, òun ló fẹ́ ṣíwájú wa gun òkè.

Àwa mọ́kànlá la wọ bọ́ọ̀sì kékeré ní ìdájí ọjọ́ Saturday. Ká tó jẹun ọ̀sán, a ti débẹ̀. Bí a ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ nínú sùtánà funfun wa, ọmọbìnrin òyìnbó kan tó wọ jákẹ́ẹ̀tì aláwọ̀ ewé wá bá wa. Òṣìṣẹ́ ibẹ̀ ni. Ó kí wa dáadáa. Ó ní òjò tó rọ̀ ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá ti tú ẹ̀gbẹ́ òkè, òkúta ń já bọ́ sójú ọ̀nà tó lọ sókè gan-an, torí náà wọ́n ti tì í pa. Ó wá fi ọ̀nà mìíràn hàn wá nínú àwòrán ilẹ̀ ọwọ́ rẹ̀, èyí tó gba ẹ̀gbẹ́ adágún omi lọ sórí òkè kékeré kan.

“Ibẹ̀ dára púpọ̀,” ló sọ fún wa. “Ẹ lè kọrin bó ṣe wù yín, kò sẹ́ni tó máa dí yín lọ́wọ́.”

Wòlíì rẹ́rìn-ín sí i, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó dúró títí ọmọbìnrin náà fi lọ bá ọkọ̀ mìíràn, ló bá yíjú sí wa.

“Ṣé ẹ gbọ́ ohun tó sọ? Ìyẹn wà fún àwọn tourist. Ṣé tourist ni wá?”

Ló bá forí lé ọ̀nà tí wọ́n tì. Àwa náà tẹ̀ lé e gẹ́gẹ́ bí adìyẹ tó rí àgbàdo.

Mo fẹ́ kí ẹ mọ bí ìdènà yẹn ṣe rí. Irin ni, wọ́n fi àpò yanrìn tẹ ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́lẹ̀ lọ́tùn-ún lósì, wọ́n fi ṣéènì so ó mọ́ òpó. Pátákó tó wà lára rẹ̀ mọ́ tónítóní. Mo wò ó báyìí, mo mọ̀ pé ẹni tó gbé e síbẹ̀ mọ iṣẹ́ rẹ̀, ó sì ti padà wá wò ó láàárọ̀ ọjọ́ yẹn.

Ìyá kan tó jẹ́ olórí akọrin wa ló kọ́kọ́ dúró. Ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún. Kọ́lẹ́ẹ̀jì tó wà ní Rush Green ló ti ń ṣe iṣẹ́ ìmọ́tótó.

“Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, wọ́n ti ọ̀nà yìí o.”

“Ẹ̀rù ló ń bà yín, màmá. Ẹ má fi ẹ̀rù yín ran àwọn ọmọ Ọlọ́run.” Ó wá nawọ́ sí mi. “Arákùnrin, ìwọ lo ń ṣe irú iṣẹ́ yìí. Sọ fún wọn.”

Gbogbo ojú wò mí. Wòlíì ti ṣèlérí pé lóṣù yẹn lòun máa fi òróró yàn mí sípò alàgbà. Mo ti ra aṣọ tí mo máa wọ̀. Mo la ẹnu mi, mo ní, “Nígbà mìíràn, àwọn òṣìṣẹ́ máa ń gbàgbé láti kó pátákó wọn kúrò.”

Màmá wò mí. Ó ká sùtánà rẹ̀ sókè, ó sì kọjá.

Nígbà tí a rìn díẹ̀, Wòlíì ní ilẹ̀ mímọ́ la wà, kí gbogbo wa bọ́ bàtà. Wọ́n bọ́ ọ. Lórí òkúta tútù ṣóńṣó ṣóńṣó yẹn, wọ́n bọ́ ọ! Èmi ò bọ́ bàtà iṣẹ́ mi. Òun náà ò bọ́ tirẹ̀, bàtà ìsáré tuntun tó ń dán. Ó ní dókítà ló kìlọ̀ fún òun nítorí orúnkún òun.

Ibi tí a ti ń kọrin lọ la ti gbọ́ ariwo lókè, bí ìgbà tí wọ́n ń da òkúta kúrò nínú típà. Kì í ṣe òkúta ńlá. Mélòó kan tó tó orí ọmọ ọwọ́ ló ń fò wálẹ̀. Màmá fẹ́ yà fún wọn, ẹsẹ̀ rẹ̀ tí kò ní bàtà yọ̀, ó ṣubú sáàárín òkúta méjì, mo sì gbọ́ bí ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣe kán.

Mo gbójú sókè láti pe Wòlíì. Mi ò rí i. Nígbà tí mo yíjú wo ìsàlẹ̀, mo rí funfun kan tó ń bẹ́ lọ bí ewúrẹ́, tó fọwọ́ méjèèjì ká sùtánà dé itan. Orúnkún tí dókítà kìlọ̀ fún un lé lórí nìyẹn o! Ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ìdènà.

Mo pe nọ́ńbà pàjáwìrì. Ọmọbìnrin oníjákẹ́ẹ̀tì aláwọ̀ ewé yẹn ló kọ́kọ́ dé, lẹ́yìn náà ni àwọn mẹ́jọ tó máa ń gba ènìyàn là lórí òkè, tí wọ́n wọ jákẹ́ẹ̀tì pupa àti akoto, gbé ibùsùn aláìsàn dé. Kò sẹ́ni tó ń sanwó fún wọn. Ọ̀kan jẹ́ tíṣà, ọ̀kan ń ṣe búrẹ́dì. Ọ̀kan bọ́ ìbọ̀sẹ̀ ara rẹ̀, ó fi wọ ẹsẹ̀ kejì màmá tí kò kán. Wọ́n gbé e sọ̀ kalẹ̀ lábẹ́ ibi tí òkúta ti ń já bọ́, kò sì sẹ́ni tó bú wa nínú wọn. Ó wù mí kí wọ́n bú wa.

Ní Sunday tó tẹ̀ lé e, Wòlíì dìde láti jẹ́rìí. Ó ní èṣù yí òkúta lù wá, òun sáré lọ sísàlẹ̀ láti lọ bá a jìjàkadì, Ọlọ́run sì rán áńgẹ́lì mẹ́jọ aláṣọ pupa wá. Ó ní màmá ṣubú nítorí iyèméjì ọkàn rẹ̀. Wọ́n tún ké halelúyà.

Mo dìde. Mo ní, “Ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ sá. Ènìyàn ni àwọn tó wọ aṣọ pupa yẹn. Ọ̀nà yẹn ti pa, mo mọ̀ pé ó ti pa, mo sì purọ́.”

“Arákùnrin, jókòó!”

Mi ò jókòó. Mo gba ẹnu ọ̀nà jáde, ojú mi ga, inú mi ń dùn sí ara mi. Ilé màmá, nítòsí àwókù ilé ìsìn àtijọ́ ní Barking, ni mo gbà lọ tààrà, kí n lè ròyìn ìwà akin mi fún un.

Ó gbé ẹsẹ̀ tí wọ́n ti bá a dì ní ọsibítù lé orí àga, ó gbọ́ mi tán.

“O kú iṣẹ́,” ló wí. “Ṣùgbọ́n Wòlíì yẹn ò mọ nǹkan kan nípa ìdènà. Ìwọ mọ̀. Ọ̀rọ̀ rẹ ni mo gbà gbọ́, kì í ṣe tirẹ̀.”

Ó ní kí n mú bírò àti pépà lórí tábìlì, ká kọ lẹ́tà sí àwọn tó gbé e. Ó ń sọ, mo ń kọ. Ó dúpẹ́, ó tọrọ àforíjì pé òun kọjá ìdènà wọn. Nígbà tó parí, ó ní, “Kọ tìrẹ sísàlẹ̀. Ohun tí o sọ fún wa lọ́jọ́ yẹn gan-an ni kó o kọ.”

Mo kọ ọ́. Ó gba lẹ́tà náà lọ́wọ́ mi, ó kà á lẹ́ẹ̀mejì, ó sì ní kí n lọ ra sítáǹpù.