Ohun Tó Yẹ Kó Máa Jẹ

Òórùn gbágùúdá tí wọ́n rẹ fún fùfú ló máa ń kọ́kọ́ pàdé èèyàn lágbàlá wa ní Ìdèrè. Ibẹ̀ ni mo ti bá ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó gbé ọmọbìnrin rẹ̀ lé ẹsẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́ta ni. Ó ti rìn, ó ti sáré, ó ti ń pè mí lórúkọ, kó tó di pé ohun gbogbo ń padà sẹ́yìn: ikùn rẹ̀ wú, ọrùn rẹ̀ kò sì gbé orí mọ́.

"Àǹtí, ẹ̀yin tẹ́ ẹ kàwé," ìyàwó ní, kò tiẹ̀ gbójú sókè, "ṣé èmi ni mo ń jẹ ọmọ mi lóòótọ́?"

Màámi ló sọ bẹ́ẹ̀ sí i láàárọ̀ ọjọ́ náà, níṣojú gbogbo ará ilé.

Ọ̀rọ̀ náà gún mi lọ́kàn, nítorí mo mọ ohun tó ń ṣe ọmọ. Ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú ni èmi àti ẹ̀gbọ́n mi ti lọ gbọ́ èsì àyẹ̀wò lẹ́nu dókítà ní Ìbàdàn. Ohun tí mo sì ń kọ́ àwọn ọmọ girama ní Èrúwà gan-an ni. Sẹ́ẹ̀lì ara wa a máa jẹ lára ara rẹ̀ kó tó lè wà láàyè. Bí maitokọ́ńdíríà tó ń fún un lágbára bá gbó, awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan, tó ń yọ lára àwọn awọ tó ká jọ nínú sẹ́ẹ̀lì náà, á wé e bí ewé ṣe ń wé ẹ̀kọ, á sì gbé e lọ bá láísósóòmù, àpò kékeré tí omi tó ń da nǹkan wà nínú rẹ̀. Ohun tó bá dà níbẹ̀ ni sẹ́ẹ̀lì fi ń kọ́ tuntun. Láísósóòmù ọmọ yìí kò lè da ohun tí wọ́n bá gbé wá. Pàǹtí ń kún ẹ̀dọ̀ rẹ̀, ó ń kún ọpọlọ rẹ̀. Dókítà ní kò sóògùn, àti pé bàbá àti ìyá ló jọ fún un ní àléébù náà.

"Má tíì sọ nílé, má sọ fún ìyàwó mi pàápàá," ni ẹ̀gbọ́n mi bẹ̀ mí nínú ọkọ̀. Mo sì dákẹ́.

Lọ́sàn-án yẹn, mo lọ bá Màámi nídìí gbágùúdá tó ń bó. "Màámi, kò sẹ́ni tó ń jẹ ọmọ yìí. Ohun tó yẹ kó máa jẹ nínú ara rẹ̀ ni kò jẹ. Ọmọ yín àti ìyàwó rẹ̀ ló jọ fún un ní àìsàn yìí." Mo sọ gbogbo rẹ̀.

Ọ̀bẹ dúró lọ́wọ́ rẹ̀. "O ti mọ̀ láti ọjọ́ yìí," ó ní, "o wá ń wò mí?"

Ìyàwó gbọ́ gbogbo rẹ̀ níbi tó jókòó sí. Nígbà tilẹ̀ fi máa mọ́, ìyàwó ti pọn ọmọ rẹ̀, ó ti gun ọ̀kadà lọ sílé bàbá rẹ̀ ní Igangan. Ibẹ̀ ni ọmọ náà kú sí kí òjò ọdún yẹn tó dáwọ́ dúró. Nígbà tí a débẹ̀, ìyá rẹ̀ kí wa bí èèyàn ṣe ń kí àlejò, ó wọlé, kò sì jáde mọ́.

Mo ṣì ń kọ́ àwọn ọmọ ní ẹ̀kọ́ yìí. Ìmọ̀ mi kì bá tí gba ọmọ náà là. Ìyá rẹ̀ ni ì bá gbà là, ká ní mo tètè sọ̀rọ̀.